Ojú Inú Àrìnpé Aránṣọ

Bí o bá dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tí o ń wá aránṣọ tó mọṣẹ́, ọ̀dọ̀ Àrìnpé ni wọ́n máa júwe fún ọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì kan tó fi ń gé aṣọ, dígí gígùn kan tó ti fọ́ nígun, àti aṣọ ìkélé tó ti ṣá, èyí tó fi dá igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ wọn ara. Àwọn aránṣọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí pọ̀ ní òpópónà kan náà, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ oníná, tí àwòrán aṣọ kún inú fóònù wọn. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Àrìnpé làwọn obìnrin ń gbé aṣọ wá láti Ìtirẹ́, láti Yábàá, àní láti Sábó. Bí o bá béèrè ìdí, wọn ò ní sọ pé ó mọ aṣọ gé. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Ìyá yẹn ní ojú inú."

Ọ̀rọ̀ yìí, ojú inú, kò sí ẹnu tí kò sí l'Ékòó, àmọ́ bó ṣe wu kálukú ló ń lò ó. Ẹni tó ra ilẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà ní igbó kìjikìji, tí títì ọlọ́dà wá kan ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n á ní ojú inú ló fi rà á, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé owó ọwọ́ rẹ̀ nígbà yẹn kò ká ibòmíràn ni. Wòlíì tó bá sọ fún ìjọ pé òun rí ẹnì kan tó ń sunkún, nínú ìjọ tí ènìyàn ẹgbẹ̀ta jókòó sí, wọ́n á ní ojú inú rẹ̀ là. Mo ti gbọ́ ọ rí tí wọ́n fi yin ẹni tó gbé agbòjò jáde lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, a sì ti ń ná an ní ìnákúnàá.

Ọ̀gá tó kọ́ Àrìnpé níṣẹ́ kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Ọlátúndé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti Àrìnpé, ó sì ní ìsọ̀ ní ọjà Tejúoṣó nígbà tí Àrìnpé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá sí Èkó. Ọkùnrin náà le, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí ọmọṣẹ́ kan bá gé aṣọ tó bá ara mu rẹ́gí, tí kò ṣẹ́ nǹkan kan sínú ní ẹ̀gbẹ́, ó máa já aṣọ náà gbà, á gbé e sókè kí gbogbo ìsọ̀ lè rí i, á sì béèrè pé, "Ṣé òkú lo rán an fún ni?" Ó ní òkú nìkan ni kò tún ní sanra mọ́, tí kò sì ní rù. Ẹni tó wà láàyè, aṣọ ara tó ń bọ̀ ni kí a rán fún un.

Ọjọ́ kan ni Àrìnpé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ ara tó ń bọ̀, nígbà tí òun kì í ṣe aríran. Ọ̀gá Ọlátúndé yọ jígí ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ìran? Aríran ń rí ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Ìwọ, ohun tó wà níwájú rẹ gan-an ni kó o wò. Wò ó dáadáa, kó o má kánjú, títí wàá fi rí ohun tó máa tẹ̀ lé e. Òun là ń pè ní ojú inú." Ó wá kọ́ ọ ní ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kò gbọdọ̀ lo ìwọ̀n ọdún tó kọjá fún aṣọ ọdún yìí, bí oníbàárà tilẹ̀ ń búra pé ara òun kò yí padà. Ìkejì ni pé apá ọ̀tún àti apá òsì ni kí ó máa wọ̀n, kò gbọdọ̀ wọn ọ̀kan kó wá fojú bu èkejì.

Àwọn aránṣọ yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn á wọn èjìká kan, ó tán. Àrìnpé ń wọn méjèèjì, ó ń kọ méjèèjì sínú ìwé, ọdún lórí ọdún, orúkọ lórí orúkọ. Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn, tó sì mọ̀ ọ́n kà, á rí ìgbésí ayé àwọn obìnrin àdúgbò náà níbẹ̀, ẹni tó bímọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ já sílẹ̀ tó ń fi oúnjẹ pàrònú rẹ́, ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀. Ó máa ń fi ínǹṣì kan àbọ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀gbẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oníbàárà bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ń ké pé aṣọ ti fún òun, Àrìnpé á kàn tú u, aṣọ náà á sì tún gbà á. Ibẹ̀ ni òkìkí ojú inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mushin, nítorí láìsí i, ohun tí Àrìnpé ṣe lẹ́yìn náà kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Mushin ló kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù sí nígbà tó gba òmìnira, ó ń rán ti ọkùnrin, ó ń rán ti obìnrin. Oníbàárà rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Àkàngbé, panẹ́bítà tó máa ń tún ara mọ́tò tó bá gbún ṣe, tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́. Láàárín ọdún kan, ìbàdí ọkùnrin yìí fi ínǹṣì mẹ́rin dín, bẹ́ẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ń le sí i. Àrìnpé wo nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀, ó wo ọkùnrin náà níbi tó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun kì í fún òun lóúnjẹ. Ó pe Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí Àṣàbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Bọ̀ọ̀dá lọ sí ọsibítù. Bí ara wọn ṣe ń lọ yìí ò yé mi o." Àṣàbí ta kété. Ó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu yín ò ní ṣẹ!"

Wọn ò lọ sí ọsibítù. Ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n gbà, láti fi fọ ọ̀rọ̀ ẹnu Àrìnpé dànù. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Àkàngbé kú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Àṣàbí wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Àrìnpé pẹ̀lú àwọn obìnrin méje, ó sì pariwo débi tí wọ́n fi gbọ́ ọ ní òdìkejì títì: "Ta ló sọ fún ọ? Ta ló fi hàn ọ́? Ìwọ lo fi ẹnu pa ọkọ mi!"

Ó ń dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ibi lọ́ọ̀ọ́kán tó sì ké síni, òun la máa ń dojú kọ nígbà tí ibi náà bá dé. A ò ní béèrè bó ṣe mọ̀ kí a lè kọ́ ọgbọ́n. A ó béèrè bó ṣe mọ̀ kí a lè dá a lẹ́bi. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbé aṣọ wá bá Àrìnpé mọ́ ní Mushin. Àwọn ọmọdé ń fi ìka hàn án. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kó lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó ní aṣọ obìnrin nìkan lòun á máa rán, ó sì búra fún ara rẹ̀ pé ohun yòówù tí téèpù bá fi han òun lára ẹnikẹ́ni, inú òun ni yóò kú sí.

Ó pa ìbúra náà mọ́ fún ogún ọdún. Ó rí oyún ṣáájú ìyá ọmọ. Ó rí àpá ìgbátí lábẹ́ etí, ó rí èjìká tó ti yẹ̀ nítorí pé ẹnì kan fà á. Kò sọ nǹkan kan. Ohun tó máa ń ṣe ni pé kí ó fi aṣọ dáhùn. Ó máa fi àyè sílẹ̀ níwájú fún ọmọbìnrin tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó máa gbé ọrùn aṣọ sókè fún ẹni tó ní àpá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun ṣe ń ṣèrànwọ́ náà nìyẹn, àwọn oníbàárà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbà gbọ́ pé kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní ojú inú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo àwọn oníbàárà wọ̀nyí, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Jemimah Ọlápàdé, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Surulere. Opó ni, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tó ń kọrin ohùn kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ṣìmí lorúkọ rẹ̀. Àrìnpé fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, Jemimah sì ń pè é ní Àǹtí mi. Àrìnpé ní tirẹ̀ ń pè é ní Tíṣà. Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó ṣáájú ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé, Tíṣà máa ń wá wọn aṣọ ìwọlé, wọn á jókòó, wọn á jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, wọn á sì rẹ́rìn-ín títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni nǹkan náà kọ́kọ́ fara hàn. Lára ìwọ̀n tí aránṣọ máa ń gbà ni láti orí èjìká dé orí ọmú, kí ó lè mọ ibi tí dáàtì, ìṣẹ́po tí a ń rán síwájú aṣọ kó lè bá àyà mu, máa gbẹ̀yìn sí. Ti Tíṣà jẹ́ ínǹṣì mọ́kànlá àbọ̀ lọ́tùn-ún lósì, láti ọdún tó ti ń ránṣọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ọ̀tún jẹ́ mọ́kànlá àbọ̀. Òsì jẹ́ mọ́kànlá.

Àrìnpé rò pé téèpù ló ká. Ó nà án, ó tún un wọ̀n. Mọ́kànlá. Ọjọ́ orí máa ń fa ọmú obìnrin wálẹ̀ ni, kì í gbé e sókè, kì í sì í gbé ẹyọ kan. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.

"Àǹtí mi, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Jemimah béèrè. Inú dígí ló ti ń wò ó.

"Kò sí o, Tíṣà. Ojú mi ló ń ṣú. Àgbà ti dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àrìnpé kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ó gbé ojú dáàtì òsì sókè ní ìdajì ínǹṣì, aṣọ náà sì jókòó lára Tíṣà bí ó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oorun rẹ̀ kò dùn mọ́. Bó bá ń lọ aṣọ, nọ́ńbà náà á dé sí i lọ́kàn. Bó bá ń jẹun, á dé. Ó máa ń rántí Àṣàbí ní ẹnu ọ̀nà, ó máa ń rántí àwọn obìnrin méje, á sì sọ fún ara rẹ̀ pé ìdajì ínǹṣì kọ́ ló ń pa ènìyàn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òsì ti di mẹ́wàá àbọ̀. Ìbàdí Tíṣà náà ti fi ínǹṣì méjì dín, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ó ní àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ òun ń béèrè oògùn tí òun ń lò. Nígbà tó bọ́ bùláòsì, tó gbé apá sókè kí Àrìnpé lè yí téèpù ká a lẹ́yìn, awọ ọmú òsì náà wọ inú lọ́nà kan tí Àrìnpé kò rí rí, ó ki, ó sì rí gbágungbàgun, bíi ti ọsàn tó ti fẹ́ẹ́ gbẹ. Àrìnpé gbé ojú kúrò kíákíá.

Ó ṣí ẹnu. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀: Tíṣà, ẹ jẹ́ ká lọ fi ọmú yìí han dókítà. Ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú dígí, ojú tó ń wò ó láìṣẹ́jú, ó sì rò ó pé bí òun bá sọ ọ́ tí nǹkan bá ṣe obìnrin yìí, gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló máa sọ pé òun ló fẹnu fà á. Ibo lòun tún máa kó lọ ní ọmọ ọgọ́ta ọdún? Bí òun bá sọ ọ́ tí kò sì sí nǹkan ńkọ́? Òun á ti fi ìpayà ba ọ̀rẹ́ òun lọ́kàn jẹ́ lásán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ro ó lọ, tó ń ro ó bọ̀, ẹnu rẹ̀ sì tún pa dé.

"Ẹ ti ń di ọmọge padà, Tíṣà," ó ní.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò lè dárí jì í fún, mo sì fẹ́ràn obìnrin náà. Ó gé fóòmù kọ́mú tín-ín-rín kan, ó dán an wò lọ́wọ́, ó gé e kù, ó sì rán an mọ́ inú aṣọ náà lápá òsì, lábẹ́ aṣọ ìtẹ́nú, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe é. Kò sí aránṣọ mìíràn ní gbogbo òpópónà yẹn tó lè ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà wọ aṣọ náà, ọmú méjèèjì dọ́gba, àyà rẹ̀ tò, ó rẹwà. Ṣìmí ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Yábàá, yà á ní fọ́tò, ó sì gbé fọ́tò náà sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i. Ẹnikẹ́ni kò lè wo obìnrin inú fọ́tò yẹn kó sọ pé nǹkan ń ṣe é. Àrìnpé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó.

Ó tún rán aṣọ mẹ́ta mìíràn fún un láàárín ọdún náà, fóòmù kọ̀ọ̀kan sì ń nípọn ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Sátidé tó ṣáájú ìwọlé dé, Àrìnpé sì ra búrẹ́dì sílẹ̀. Tíṣà kò wá. Ó di aago mẹ́rin kí ẹnì kan tó ṣí aṣọ ìkélé. Ṣìmí ni, ó gbé aṣọ wá sínú ọ̀rá.

"Ẹ káàsán, mà. Mọ́mì ní kí n gbé e wá. Wọ́n ní ẹ kàn lo mẹ́ṣọ́mẹ́ǹtì ti èṣí, pé ara àwọn ò yí padà."

Àrìnpé kò gba ọ̀rá náà. "Kí ló dé tí wọn ò wá fúnra wọn?"

"Ó ń rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ wàhálà iléèwé. Wọ́n tiẹ̀ ti ń fi apá òsì ṣe jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní àwọn sùn lé e lórí ni. Wọ́n ń lo róòbù."

Ẹ̀rù tó ba Àrìnpé ní ìṣẹ́jú yẹn, kò ba á bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí Àṣàbí wá. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì ní kí Ṣìmí mú òun lọ sílé. Ṣìmí ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba inú àdúgbò já sí Ìtirẹ́, Àrìnpé ṣíwájú, bí ẹni pé òun ló nilé.

Jemimah jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ró ìró mọ́ àyà, apá òsì rẹ̀ wú láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Òórùn róòbù gba yàrá náà, òórùn mìíràn, ti egbò tó ń rà, sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí Àrìnpé mọ̀, tí kò fẹ́ mọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹni tí òun fi ọdún mẹ́jọ jù lọ.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ọmú yín òsì ò dáa. Ó ti pẹ́ tí ò ti dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù ní Mọ́ńdè."

Ó ń retí kí Jemimah fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká. Ó ń retí itọ́. Jemimah kàn ń wò ó, omi sì ń gbára jọ lójú rẹ̀. "Ó dáa, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ máa bá mi lọ?"

Ní Mọ́ńdè, wọ́n jókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ọ̀sán kí ó tó kàn wọ́n. Dókítà tó rí wọn jẹ́ obìnrin tí kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó yẹ ọmú náà wò, ó yẹ abíyá wò, ó yẹ ọrùn wò, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jókòó padà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ kíyè sí i?"

"Kò tíì pẹ́," Jemimah ní. "Bóyá oṣù méjì."

Dókítà wo Ṣìmí. Ṣìmí ní òun kò mọ nǹkan kan, pé wọ́n kì í wọ aṣọ níwájú òun. Bíírò wà lórí ìwé, kò lọ, kò bọ̀. Àrìnpé gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Oṣù kẹsàn-án, ọdún méjì sẹ́yìn," ó ní. "Sátidé tó kẹ́yìn kí àwọn ọmọ iléèwé tó wọlé. Nígbà yẹn, ó ti fi ìdajì ínǹṣì gòkè. Lọ́dún tó kọjá, ó ti di ínǹṣì kan, awọ ibẹ̀ sì ti ń wọnú."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ burúkú, kò tilẹ̀ wò ó. Ó kàn béèrè orúkọ rẹ̀, àti ohun tó jẹ́ sí aláìsàn. Ṣìmí ló yíjú sí i.

"Àǹtí, ẹ mọ̀? Láti ọdún méjì, ẹ mọ̀?"

Dókítà sọ àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe, ó sọ pé àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró máa wà níbẹ̀, pé ti egungun náà máa wà níbẹ̀. Ó ní ìbá dára ká ní wọ́n tètè wá. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní kí wọ́n lọ jókòó síta títí wọ́n á fi pe orúkọ.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Jemimah wà láàárín wọn, ó fi apá rẹ̀ tó wú sórí ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Àrìnpé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ Àkàngbé, ó sọ̀rọ̀ Àṣàbí, ó sọ̀rọ̀ Mushin, ó ní ẹ̀rù ló ba òun, ó ní òun kò fẹ́ fi ẹnu òun ṣe é léṣe. Jemimah jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Àǹtí mi, èmi náà mọ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìbínú níbẹ̀. "Láti ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni mo ti ń fọwọ́ kan kókó kan lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo bá ń wẹ̀. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ dá ẹ̀rù ba ọmọ mi. Mo wá ní ọjọ́ tí mo bá lọ wọn aṣọ, ẹ̀yin á rí i. Kò sí ohun tí ẹ kì í rí. Mo dúró síwájú dígí, mo ń wo ojú yín. Mo rí i tí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Àrìnpé kò lè gbé orí sókè.

"Ẹ wá rẹ́rìn-ín. Mo ní, háà, tó bá jẹ́ nǹkan burúkú ni, Àǹtí mi á sọ. Wọ́n ní ojú inú. Ara mi balẹ̀, mo lọ sílé, mo sùn. Lọ́dún kejì, ẹ tún sọ pé mo ti ń di ọmọge. Nígbà tí mo rí fóòmù tí ẹ rán sínú aṣọ, mo tún dúpẹ́. Mo rò pé ohun tí aṣọ lè tún ṣe ni."

Nọ́ọ̀sì kan ṣí ilẹ̀kùn, ó pe Ọlápàdé Jemimah. Jemimah dìde díẹ̀díẹ̀. Ó fa báàgì rẹ̀ lé Àrìnpé lọ́wọ́ pé kó bá òun mú un, ó sì wọlé. Àrìnpé gbá báàgì náà mọ́ àyà. Ṣìmí wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó gba báàgì ìyá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì.